Omi Tí Oòrùn Mú Gbóná

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ dé pátápátá láàárọ̀ yìí, Màmá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi iná para wọn. Mo ń wọ bàtà ilé ìwé lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí nǹkan ró gbàgà ní ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé. Kí n tó débẹ̀, ìkòkò omi ìwẹ̀ wọn ti dojú dé sórí ààrò, èéfín ti gba gbogbo ibẹ̀, Màmá sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Omi ti bó wọn lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Má pariwo. Iná yẹn ò tíì kú tán, tún omi mìíràn gbé ka a."

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin! Nọ́ọ̀sì ní ó bó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀. Nígbà tí a ń ti ọsibítù bọ̀ mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa gbé omi kaná fún wọn. Wọ́n ní rárá o, ẹni tó bá ń gbé omi kaná fún èèyàn ni yóò máa sọ ìgbà tí onítọ̀hún máa wẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bí òtútù ọyẹ́ bá ti wọ orúnkún wọn, tí wọn ò rí omi gbígbóná fi jó o kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn ò ní lè rìn títí oòrùn yóò fi ga. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán. Síbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀rọ̀ iná tí kò tíì kú tán yẹn ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Àìkú, 7 Oṣù Kejìlá

Àbúrò mi Ọláyọdé pè láti Ìbàdàn. Ta ló sọ fún un? Ọ̀rọ̀ Ìlá kì í wá mọ́tò kó tó dé Ìbàdàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n Màmá ò gbọdọ̀ dáná mọ́. Ìparí oṣù Kìíní ni n ó wá gbé wọn. Yàrá wọn ti wà nílẹ̀."

Mo bi í pé bí a bá wá rí omi gbígbóná tí kò ní í fi iná ṣe ńkọ́? Ó ní bí òun bá dé tí òun fi ojú ara òun rí i, òun á fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òun bá bá ẹyọ igi kan lábẹ́ omi ìwẹ̀ wọn, inú ọkọ̀ òun ni wọ́n ń lọ tààrà.

Màmá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí mo ti ṣí ohùn fóònù náà síta. Wọ́n ní kí n bá àwọn bi í bóyá òun ló gbé àwọn wá láti Ọ̀rà sí Ìlá. Mi ò bi í. Ẹ̀rù ń bà mí. Orí òkè kẹta ni Ọláyọdé ń gbé, kò sí ẹni tó ń kí ara wọn níbẹ̀. Bí Màmá bá kúrò nílé yìí, mi ò rò pé wọ́n á pẹ́ láyé.

Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kejìlá

Gáàsì: Màmá kọ̀ ọ́, wọ́n ní ó ń mí bí ejò. Irin tí wọ́n ń tì bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì: iná ìjọba ò wá láti Àbámẹ́ta, ká tilẹ̀ má sọ ti ẹni tí iná rẹ̀ gbé láàdúgbò lọ́dún tó kọjá.

Mo sọ ìṣòro mi fún Tolúwalọpẹ́ tí a jọ ń kọ́ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ni ó mú mi lọ. Oòrùn ti ń wọ̀. Ó ní kí n ṣí ẹ̀rọ omi. Mo ṣí i, mo sì fa ọwọ́ mi yọ kíá. Kò sí iná, kò sí èéfín, kò sí jẹnẹrétọ̀. Oòrùn ọ̀sán ni wọ́n fi pamọ́ sínú àgbá lórí òrùlé. Odidi ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì o! Mo ń ṣí i, mo ń tì í bí ọmọdé, títí Tolúwalọpẹ́ fi ní omi olómi ni mò ń dànù.

Ẹtì, 12 Oṣù Kejìlá

Dámisọ́lá wá láti Ọ̀tan Ayégbajú. Òun ló ṣe ti ilé yẹn. Ọ̀kadà tirẹ̀ ló gùn wá, ó wọ ṣòkòtò, ó de fìlà. Màmá wò ó látòkè délẹ̀. "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Obìnrin ni mí, Màmá. Mo ti bímọ méjì."

"Ó dáa. Ìwọ á mọ ohun tí omi gbígbóná wà fún."

Ó gun òrùlé wa, ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ojú tí kò dùn. Ikán ti jẹ igi àjà, bí a bá gbé àgbá omi lé e, a óò jí lọ́jọ́ kan bá àgbá náà lórí ibùsùn. Èyí tó tún burú ni pé igi obì ẹ̀gbẹ́ ilé kì í jẹ́ kí oòrùn dé orí pánù títí ọ̀sán yóò fi pọ́n. Ó ní, "Ẹ gé igi yẹn, kí a lè ri òpó àgbá síbẹ̀." Mo fojú ṣe é kó dákẹ́, ó ti pẹ́ jù. Màmá ti gbọ́.

Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kejìlá

Màmá gbé àga wọn sábẹ́ igi obì láti àárọ̀, àdá sì wà lórí itan wọn. Nígbà tí mo bèèrè ohun tí àdá wà fún, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gé igi náà lè má ní tirẹ̀, kó kúkú wá yá a lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní, "Igi yìí ló san owó ìdánwò ẹ, Bọ́sẹ̀dé. Gé e."

Ọjọ́ ti rọ̀ kí wọ́n tó wọlé. Kò sí ẹni tó lè bá obìnrin yìí ja ìjà àjàborí, mo gbà.

Ajé, 15 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ pọ̀ gan-an. Màmá tún dáná láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì. Mo jókòó tì wọ́n títí omi fi gbóná.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kejìlá

A ti gba ìsinmi ilé ìwé. Dámisọ́lá pa dà wá, ó ní tí a ò bá gé igi, a gbọ́dọ̀ rí ibì kan nílẹ̀ tí oòrùn kì í kúrò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ni mo bá ń fi òkúta funfun sàmì kiri àgbàlá, bí òjìji bá ti yí mo tún gbé òkúta. Àwọn tó ń kọjá ń kí mi kú iṣẹ́, mo mọ ohun tí wọ́n ń rò.

Màmá ń wò mí láti abẹ́ igi obì. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní, "Kí lo ń wá?"

"Ibi tí oòrùn kì í kúrò ni, Màmá."

"O ò ṣe bi mí? Orí bàbá ẹ ni."

Dámisọ́lá àti èmi jọ yíjú pa dà. Sàréè Bàbá wà níwájú ilé gbalaja, táìsì rẹ̀ ń dán, èlùbọ́ tí Màmá sá sì bò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo ọyẹ́ láti ọdún tí a ti sin Bàbá ni Màmá ti ń sá èlùbọ́ síbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá lára rẹ̀. Màmá ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n kàn ní kí n kó òkúta mi kúrò lọ́nà kó má baà gbé wọn ṣubú.

Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kejìlá

Wọ́n ní a kì í ri irin mọ́ ẹ̀gbẹ́ olóògbé láìsọ fún ẹbí, nítorí náà a lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àjíṣafẹ́, àbúrò bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ olórí ẹbí báyìí. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mo sì bà á jẹ́. Mo ń ṣàlàyé páìpù. Bàbá Àjíṣafẹ́ bú jáde: "Irin! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ilé ìwẹ̀ ni ẹ fẹ́ sọ wọ́n dà?"

Màmá fi ọ̀pá wọn sílẹ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀. Orúnkún yẹn! Mo fẹ́ dìde, wọ́n fojú dá mi pa dà. "Akọ̀wé ọkọ mi," ni wọ́n wí. Orúkọ tí Màmá sọ Bàbá Àjíṣafẹ́ nìyẹn nígbà tí wọ́n gbé Màmá níyàwó wọ ilé yìí, tí Bàbá Àjíṣafẹ́ ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Títí dòní Màmá ò pe orúkọ àbísọ wọn rí. "Ẹ dákun, ta ló ń gbé omi kaná fún yín nígbà ọyẹ́, kí ẹ tó lọ sílé ìwé?"

Bàbá wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin ni."

"Ṣé ẹ fi omi tútù wẹ̀ rí lọ́wọ́ mi?"

"Rárá o."

"Ó ti wá kàn mí báyìí, ọkọ mi."

Mi ò tíì rí Bàbá Àjíṣafẹ́ kí wọ́n yára dìde bẹ́ẹ̀. "Ẹ dìde, Ìyàwó, ẹ dìde, ẹ má pa mí." Àwa méjèèjì la gbé Màmá dìde. Bàbá ní kí òpó má ṣe wọ inú sàréè, kó dúró ní apá ibi ẹsẹ̀, àti pé àwọn fúnra àwọn ni yóò wá fọwọ́ sí ibi tí wọ́n bá gbẹ́. Nígbà tí a ń bọ̀ nílé Màmá dì mọ́ mi lápá, wọ́n ní kí n má rò pé àwọn lè ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì. Inú mi dùn débi pé mo ń sunkún lójú títì.

Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kejìlá

Àwọn ará Èkó ti dé fún ọdún, olúkúlùkù ló mọ̀ nípa omi. Ọ̀kan ní kí a ra ìnfátà fún iná mànàmáná, èkejì ní ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tó bèèrè bí ẹsẹ̀ Màmá ṣe ń ṣe. Mo fún wọn ní ìrẹsì.

Ajé, 5 Oṣù Kìíní

Ọjọ́ yíyàn. Oríṣi ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn mú omi gbóná méjì ni Dámisọ́lá ní kí a yàn nínú wọn. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀wọ́ ọ̀pá dígí tí wọ́n tò jọ, èkejì jẹ́ àpótí pẹlẹbẹ tí inú rẹ̀ dúdú, tí dígí kan tó nípọn bò lójú. Ó mú ọ̀pá dígí kan wá fún ìdánwò, ó rọ omi sí i, ó gbé e sínú oòrùn. Oòrùn ọyẹ́ náà rí bí ẹni tó da ìbòjú bojú, mo sọ lọ́kàn mi pé kò ní í ṣiṣẹ́.

Màmá wọlé lọ, wọ́n mú ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ kan jáde, wọ́n sì rọra tì í bọ inú ọ̀pá náà. A jókòó, a sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ Dámisọ́lá. Nígbà tó yá ooru bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu ọ̀pá. Dámisọ́lá da ẹyin náà síta, Màmá bó o, wọ́n fi iyọ̀ sí i, wọ́n jẹ ẹ́ tán, àwa méjèèjì ń wò wọ́n. "Ó jinná," ni wọ́n wí.

Mo rò pé a ti yàn án nìyẹn. Àfi bí ewúrẹ́ aládùúgbò wa ṣe fò sórí sàréè Bàbá bó ṣe máa ń ṣe, àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Màmá nawọ́ sí wọn. "Ọ̀pá dígí yìí dára, ó gbayì. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ó bá ewúrẹ́ Ìlá ṣèpàdé ni?" Dámisọ́lá ní ẹyọ kan tó bá fọ́ ṣeé pààrọ̀, àmọ́ Èkó ni a ó ti lọ rà á. Dígí àpótí pẹlẹbẹ ní tirẹ̀, ewúrẹ́ lè jó lórí rẹ̀. Kò ní í yá gbóná tó ọ̀pá nígbà ọyẹ́, a ó sì máa nu eruku rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó ní ipá tó fún omi ènìyàn méjì. Àpótí la mú. Èmi ni mo kàwé, Màmá ni wọ́n yàn án, mi ò sì rí ibi tí wọ́n ti ṣì í.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kìíní

Ó dúró! Àgbá wà lókè, ó sùn gbalaja bí àgbá epo pupa, àpótí onídígí wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó rọra dà síwájú, kò ga ju ìbàdí mi lọ. Dámisọ́lá ní bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí, kí omi tó bá gbóná lè máa gun òkè lọ fúnra rẹ̀, kí tútù máa sọ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń tì í. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ láìmọye ìgbà, n kò rò ó rí pé yóò wá ṣẹlẹ̀ níwájú ilé bàbá mi. Bàbá Àjíṣafẹ́ wá, wọ́n fẹsẹ̀ wọn àlàfo tó wà láàárín òpó àti sàréè, wọ́n ní ó dáa.

Ẹtì, 16 Oṣù Kìíní

Ní ìdájí mo ṣí ẹ̀rọ, omi gbígbóná dà. Mo pariwo. Màmá gba bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Ìgbà tó ṣe díẹ̀ ni mo rí èéfín.

Wọ́n ti gbé e kaná.

"Omi tí kò rí iná, Bọ́sẹ̀dé, kí ni yóò fi lé òtútù?" Mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ sí wọn, pé kí wọ́n kúkú máa palẹ̀ ẹrù mọ́ de Ọláyọdé. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Àìkú, 18 Oṣù Kìíní

Lẹ́yìn ìsìn Màmá ní kí n gbé abọ́ ńlá méjì wá. Wọ́n bu omi orí ààrò sí ọ̀kan, wọ́n bu ti oòrùn sí èkejì. Wọ́n dijú. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ àwọn abọ́ náà bó ṣe wù mí kí n má sì sọ̀rọ̀, wọ́n wá ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ abọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ pẹ́, wọ́n ń mi orí. Wọ́n yan èyí tí wọ́n ní ti iná ni. Ti oòrùn ni.

Mo retí kí wọ́n jiyàn. Wọ́n lajú, wọ́n wo òkè. "Iná ni òun náà. Ọ̀nà rẹ̀ ló jìn."

Ó wù mí kí n dàgbà bíi tiwọn.

Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kìíní

Ọjọ́ kejì rèé tí ààrò tutù. Èmi ni mò ń nu dígí láàárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé.

Ẹtì, 23 Oṣù Kìíní

Ọláyọdé dé ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ọjọ́ tí mo rò pé yóò dé kò tíì pé. Mo fi ọ̀yàyà fà á lọ́wọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Mo ní kó ṣí i. Ó ṣí i. Omi kànga ló dà, ó tutù nini.

Ó fi ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀ pẹ́. Kò fi mí ṣẹ̀sín, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbìyànjú. Láàárọ̀ ọ̀la a ó máa lọ."

Mo pe Dámisọ́lá lórí fóònù. Ìbéèrè kan péré ló bi mí: "Kí ló wà lórí dígí?" Mo sáré lọ wò. Màmá ti tẹ́ aṣọ sórí dígí náà dáadáa, wọ́n sì sá èlùbọ́ sí i títí kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ẹ gba ibi tí mò ń sá a," ni wọ́n wí. "Mo rí i pé tibẹ̀ yẹn tilẹ̀ gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé kí oòrùn tó tó báyẹn máa ṣòfò ni?"

Ọláyọdé wo èlùbọ́, ó wo Màmá, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n máa bọ̀ nìyí." Mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi. Bẹ́ẹ̀ ni, mo kúnlẹ̀. Mo ní kó fún wa ní ọ̀la nìkan. Ó fà mí dìde, ó ní òun gbọ́.

Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kìíní

Ọyẹ́ bo gbogbo ojú ọ̀run láàárọ̀. Ọláyọdé nu dígí náà fúnra rẹ̀, ó wá gbé àga ti sàréè Bàbá bí ọlọ́pàá. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń yà kí Màmá. Ẹni tó ń lọ sóko, ẹni tó ń bọ̀ lọ́jà, àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n mọ oríkì wọn. Màmá ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bèèrè ìyá wọn. Mo rí i tí Ọláyọdé ń wò. Nígbà tó di ọ̀sán oòrùn là á já.

Ní ìrọ̀lẹ́ ó ṣí ẹ̀rọ omi, omi gbígbóná dà, ó sì gé ètè jẹ. Ó bu omi náà, ó ki aṣọ ìnura bọ̀ ọ́, ó fún un, ó sì kúnlẹ̀ síwájú Màmá, ó fi jó orúnkún wọn. Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Wọ́n ń tọ́ ọ sọ́nà: sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, tẹ̀ ẹ́, má bẹ̀rù. Ó ṣe é títí omi fi tutù, ó tún lọ bu òmíràn.

Àìkú, 25 Oṣù Kìíní

Ọláyọdé lọ lẹ́yìn ìsìn, òun nìkan. Ó gbé èlùbọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó sọ fún Màmá pé òun á máa wá lóṣooṣù, wọ́n ní kó rí i pé ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lójú títì, Màmá ní kí n bá wọn fa báàgì kan yọ lábẹ́ ibùsùn. Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n ti dì í pa. Mo tú u: ìró àti bùbá méjì, Bíbélì wọn, ìpara ẹsẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni òfì funfun tí wọ́n ti ní kí a fi sin àwọn wà, tí kì í kúrò nínú àpótí wọn.

Màmá tó gbé àdá lé itan, tó jẹ ẹyin, tó ń fi gbogbo wa ṣẹ̀rín láti ìgbà ọyẹ́ yìí!

"Ọjọ́ tí o ní kí n palẹ̀ ẹrù mọ́ ni mo dì í," ni wọ́n wí. "Bí mo bá bá a lọ, mi ò ní í pa dà wálé lóòyẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa wá aṣọ náà kiri."

Mo tọrọ àforíjì, mo dọ̀bálẹ̀ sórí ẹsẹ̀ wọn bí ọkùnrin. Wọ́n ní kí n dìde, kí n dá aṣọ àwọn pa dà sínú àpótí, kí n sì rọra ká a, kò tíì yá.